Àṣírí Aláìsàn Kì í Ṣe Awo Ọ́fíìsì: Òfin Ìpamọ́ Àṣírí Ìlera àti Àkọsílẹ̀ Àjọ Ìjọba ní Èkìtì

Bí ènìyàn bá wọ ọ́fíìsì àjọ ìjọba kan ní Adó-Èkìtì, tí ó sì béèrè fún àkọsílẹ̀ kan tí ó jẹ mọ́ ọ̀ràn ìlera, gbólóhùn kan wà tí ó rọrùn fún akọ̀wé láti fi dá a lóhùn: "Àṣírí aláìsàn ni." Gbólóhùn náà ní iyì. Ó dún bí ọ̀rọ̀ dókítà, ó sì dún bí òfin. Ẹni tí ó wá béèrè kò ní fẹ́ kí wọ́n ka òun sí ẹni tí ń tọpinpin àìsàn ọmọnìkejì. Yóò kí akọ̀wé pé ó kú iṣẹ́, yóò sì padà sílé. Bẹ́ẹ̀ bóyá iye owó tí àjọ náà fi ra oògùn ní ọdún tí ó kọjá ni ó fẹ́ mọ̀, tàbí iye aboyún tí ó kú níbi ìrọbí, tàbí orúkọ àwọn ilé ìwòsàn tí àjọ náà bá ṣe àdéhùn. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó dárúkọ aláìsàn kankan.

Ìbéèrè méjì ni ó fara pamọ́ sínú èsì akọ̀wé náà. Èkínní ni pé: ǹjẹ́ àjọ yìí wà lára àwọn tí òfin ìpamọ́ àṣírí ìlera dè? Èkejì ni pé: ǹjẹ́ ohun tí ó wà nínú ìwé náà jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn kan tí a lè dá mọ̀? Ẹni tí kò bá ya ìbéèrè méjèèjì sọ́tọ̀ yóò ṣi òfin lò. Yóò fi ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ìlú pamọ́, tàbí kí ó tú ohun tí ó jẹ́ ti ẹnìkan síta. Apá kan nínú ìṣòro yìí jẹ́ ti èdè. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ àwọn òfin náà. Nígbà tí wọ́n bá sì dé ẹnu nínú ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí òfin yà sọ́tọ̀ a máa di ẹyọ kan ṣoṣo, èyí tí í ṣe àṣírí.

Yorùbá kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ fún ìyàtọ̀ náà. Àṣírí ni ohun tí ó kan ẹnìkan tàbí ìdílé kan, tí wọn kò fẹ́ kí ayé rí. Nígbà tí ènìyàn bá dúpẹ́ pé Ọlọ́run bo àṣírí òun, ohun tí ó ń sọ ni pé àìní òun kò hàn sí gbangba. Ẹni tí ó ni àṣírí lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ jáde nígbà tí ó bá wù ú. Awo kò rí bẹ́ẹ̀. Awo ni ìmọ̀ tí ẹgbẹ́ kan jọ ní, tí wọ́n sì jọ gbà láti má ṣe fi han ọ̀gbẹ̀rì. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ kò ní àṣẹ láti tú u. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́. Bí awo kò bá gbé awo nígbọ̀nwọ́, awo a tẹ́. Bí a bá wo òwe yìí dáadáa, iyì ẹgbẹ́ ni ó ń dáàbò bò. Aláìsàn kò sí nínú rẹ̀.

Ó bá a mu, nígbà náà, kí ẹ̀tọ́ tí ènìyàn ní pé kí wọ́n má ṣe tojú bọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ máa jẹ́ ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara ẹni. Kí ojúṣe ẹni tí a finú hàn, bí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, máa jẹ́ ìpamọ́ àṣírí. Kí ohun tí ìjọba fi pamọ́ fún ire iṣẹ́ tirẹ̀ sì máa jẹ́ awo ọ́fíìsì. Ọ̀rọ̀ bí àdáni kò lè dúró fún èyí àkọ́kọ́, nítorí pé ohun-ìní ni ó ń tọ́ka sí. Ilé ìwòsàn aládàáni ni èyí tí kì í ṣe ti ìjọba. Bẹ́ẹ̀ káàdì aláìsàn tí ó wà ní ilé ìwòsàn ìjọba jẹ́ àṣírí gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó wà ní ti aládàáni. Ìkọ̀kọ̀ náà kò tó. Ibi tí a ti ṣe nǹkan tàbí bí a ti ṣe é ni ó ń sọ, kò sọ ẹni tí ó ni í.

Ìtàn ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ ti fi ìyàtọ̀ àṣírí àti awo hàn lórí ọ̀ràn ìlera kan náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nígbà tí ìgbóná ń pa ènìyàn, Dókítà Ògúntọ́lá Sápàrá, tí ó jẹ́ oníṣègùn ìjọba ní Èkó, dara pọ̀ mọ́ àwọn olùsìn Ṣọ̀pọ̀nná ní ìkọ̀kọ̀ kí ó lè mọ bí àrùn náà ṣe ń tàn. Ohun tí ó rí wà lára ìdí tí ìjọba amúnisìn fi ṣe òfin tí ó de ìsìn náà ní 1917. Àríyànjiyàn wà títí di òní lórí bóyá ìjọba náà ṣe ẹ̀tọ́ sí àwọn onísìn. Ṣùgbọ́n ohun kan dájú: awo ẹgbẹ́ ni Sápàrá tú. Kò sí ìdí tí yóò fi dárúkọ ẹni tí ìgbóná mú kí iṣẹ́ rẹ̀ tó yọrí.

Ìbéèrè tí ó wà níwájú akọ̀wé Adó kì í ṣe ti Èkìtì nìkan. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1996, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí HIPAA, ti di ohun tí wọ́n fi ń lé olùbéèrè padà ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì. Bẹ́ẹ̀ òfin náà kò de gbogbo ẹni tí ó bá mọ̀ nípa àìsàn ẹlòmíràn. Ó de àwọn olùtọ́jú aláìsàn tí ń fi ọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ, ó de àwọn adójútòfò ìlera, ó de àwọn ilé iṣẹ́ tí ń tún ìsọfúnni tò láàrin àwọn méjèèjì, ó sì de àwọn tí ń bá wọn ṣiṣẹ́ náà. Ọlọ́pàá kò sí nínú wọn. Agbanisíṣẹ́, ní ipò agbanisíṣẹ́, kò sí nínú wọn. Òfin mìíràn lè de àwọn wọ̀nyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin yẹn.

Ẹjọ́ kan láti ìlú Cincinnati ní ìpínlẹ̀ Ohio ṣe àpẹẹrẹ rere. Ẹ̀ka ìlera ìlú náà kọ ìwé ìkìlọ̀ sí àwọn onílé tí òjé wà nínú ọ̀dà ilé wọn, tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì ti fi hàn pé òjé pọ̀ lára ọmọ tí ó ń gbé ibẹ̀. Ìwé ìròyìn kan béèrè fún ẹ̀dà ìwé 343 irú bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka ìlera kọ̀, ó ní òfin ìpamọ́ àṣírí ìlera kò gbà. Ní 2006 Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Ohio dá a ní ẹjọ́ pé kí ó kó àwọn ìwé náà jáde: orúkọ ọmọ kankan kò sí nínú wọn, kò sí ọjọ́ orí, kò sí àlàyé ìtọ́jú, ọ̀rọ̀ ilé tí ó léwu ni ó kún inú wọn. Ilé ẹjọ́ náà fi kún un pé bí òfin ìlera tilẹ̀ bo àwọn ìwé náà, òfin náà fúnra rẹ̀ gbà kí ẹ̀ka náà fi ohun tí òfin mìíràn bá pa láṣẹ hàn, òfin àkọsílẹ̀ ìlú Ohio sì pa á láṣẹ. Ayálégbé tí ó ní ọmọ kékeré ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ wúlò fún jùlọ.

Nàìjíríà kò ní òfin kan ṣoṣo tí ó bá HIPAA dọ́gba. Iṣẹ́ náà pín sí ọ̀nà púpọ̀. Abala 37 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 dáàbò bo àṣírí ara ẹni, ilé ẹni, ìwé tí ẹni kọ àti ọ̀rọ̀ tí ẹni sọ lórí tẹlifóònù. Kò dárúkọ àìsàn, ṣùgbọ́n ní 2001, nínú ẹjọ́ tí ó wà láàrin ìgbìmọ̀ tí ń bá àwọn dókítà wí àti Dókítà Okonkwo, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ka ẹ̀tọ́ yìí débi ara àti ẹ̀rí-ọkàn aláìsàn tí ó kọ̀ láti gba ẹ̀jẹ̀. Láti ìgbà náà kò sí iyèméjì pé àṣírí ara ẹni kan ọ̀ràn ìtọ́jú.

Òfin tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí jùlọ ni Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014. Abala 25 rẹ̀ pa á láṣẹ kí ibùdó ìtọ́jú máa tọ́jú àkọsílẹ̀ olúkúlùkù ẹni tí ó bá gba ìtọ́jú níbẹ̀. Abala 26 sọ pé ohun gbogbo tí ó jẹ mọ́ olùgbàtọ́jú, ipò ìlera rẹ̀, ìtọ́jú rẹ̀, tàbí wíwà rẹ̀ ní ibùdó náà, jẹ́ àṣírí. Kò gbọdọ̀ jáde àfi bí olùgbàtọ́jú bá fi ọwọ́ síwèé pé òun gbà, tàbí bí ilé ẹjọ́ tàbí òfin kan bá pa á láṣẹ, tàbí bí òbí ọmọdé tàbí alágbàtọ́ ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ bá béèrè, tàbí bí fífi í pamọ́ yóò bá jẹ́ ewu ńlá fún ìlera gbogbo ènìyàn. Abala 29 wá gbé ẹrù ìṣọ́ lé olórí ibùdó náà lórí: kí ó ṣe ètò tí ẹni tí kò ní àṣẹ kò fi ní í wọ ibi tí àkọsílẹ̀ wà. Ẹni tí ó bá rú èyí lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 2, tàbí kí ó san owó ìtanràn náírà 250,000, tàbí kí ó jìyà méjèèjì.

Oríkì ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́. Kí ni òfin náà pè ní ibùdó ìtọ́jú? Ó pè é ní ilé, ibi tàbí ilé iṣẹ́, yálà ti ìjọba tàbí ti aládàáni, tí wọ́n ń lò láti fi ṣe ìtọ́jú, àyẹ̀wò, ìmúláradá, ìdènà àrùn àti irú iṣẹ́ ìlera bẹ́ẹ̀. Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó wọ inú oríkì yìí láìsí àríyànjiyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé ní Ìyìn tàbí Ìgèdè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì tí ń san owó oṣù olùkọ́ kì í tọ́jú aláìsàn. Àjọ tí ń gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́ kì í tọ́jú aláìsàn. Àjọ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ pàápàá kì í fi abẹ́rẹ́ gún ẹnikẹ́ni: owó ni ó ń gbà, owó ni ó sì ń san.

Ẹni tí ó bá dúró síbẹ̀ yóò rò pé àwọn àjọ wọ̀nyí lè fi ìwé wọn han ẹni tí ó wù wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojúṣe títọ́jú ìwé àti ṣíṣọ́ ọ wà lórí ibùdó ìtọ́jú, ṣùgbọ́n nígbà tí abala 26 dé orí ìtúsíta, kò sọ ọ̀rọ̀ nípa ibùdó mọ́. Ọ̀rọ̀ nípa olùgbàtọ́jú ni ó ń sọ. Ohun tí dókítà kọ nípa aláìsàn kan ní Àràmọ̀kọ́, tí ilé ìwòsàn sì fi ránṣẹ́ sí àjọ adójútòfò ní Adó kí ó lè gba owó iṣẹ́ rẹ̀, kò bọ́ àwọ̀ àṣírí sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Òfin 2022 tí ó sọ adójútòfò ìlera di dandan ní Nàìjíríà, tí ó sì fi iṣẹ́ lé àwọn àjọ ìpínlẹ̀ lọ́wọ́, mú kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i ní ọ́fíìsì tí kò ní bẹ́ẹ̀dì aláìsàn kankan. Níhìn-ín, òfin Amẹ́ríkà rọrùn láti kà ju ti Nàìjíríà lọ, nítorí pé ó dárúkọ adójútòfò ní tààrà.

Òfin Ìdáàbòbò Dátà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà 2023 dí àlàfo náà dé ìwọ̀n kan. Kò béèrè bóyá alákòóso dátà ń tọ́jú aláìsàn. Àjọ ìjọba tí ó bá ń pinnu ìdí àti ọ̀nà tí wọn yóò gbà lo dátà àwọn ènìyàn ti di alákòóso lójú òfin, ipò ìlera ènìyàn sì wà lára ohun tí a lè pè ní dátà ẹlẹgẹ́, tí ó ní ìṣọ́ tirẹ̀ ju orúkọ àti àdírẹ́sì lọ. Òfin tí ó de ìyàsọ́tọ̀ àwọn tí ó ní kòkòrò HIV, tí wọ́n ṣe ní 2014, ti fi ìpamọ́ àṣírí tirẹ̀ kún un ṣáájú.

Síbẹ̀, òfin tí akọ̀wé Adó yóò kọ́kọ́ bá pàdé kì í ṣe ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí. Òfin Òmìnira Ìròyìn tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún 2011 ni. Ó fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè fún àkọsílẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba láìsọ ìdí tí wọ́n fi ń béèrè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òfin yìí àti òfin àṣírí ìlera jẹ́ ọ̀tá ara wọn. Ẹni tí ó bá kà á dé abala 14 yóò rí i pé òfin náà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ àṣírí ìlera sọ́tọ̀: fáìlì àti ìsọfúnni nípa aláìsàn, akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn mìíràn tí ń gba ìtọ́jú tàbí ìrànlọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìjọba, ní tààrà tàbí láti ọwọ́ ẹlòmíràn, kò sí lára ohun tí a gbọdọ̀ kó jáde. Fáìlì òṣìṣẹ́ àti ti ẹni tí ń wá iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ìwé ẹ̀rí dókítà tí olùkọ́ tuntun mú wá sí sẹkitéríàtì kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́ ní ààbò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ́fíìsì tí ó wà kì í ṣe ibùdó ìtọ́jú. Abala 16 fi ọ̀rọ̀ tí ó wà láàrin òṣìṣẹ́ ìlera àti aláìsàn rẹ̀ kún un.

Ṣùgbọ́n òfin kan náà fún ìsọfúnni nípa ènìyàn ní oríkì tí ó ní ààlà. Ó ní láti jẹ́ nípa ẹni tí a lè dá mọ̀, kò sì kan ohun tí ó jẹ mọ́ iṣẹ́ ìlú tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń ṣe. Iye ìgbà tí dókítà àgbà kan kò wá síbi iṣẹ́ kò lè di àṣírí ìlera nítorí pé ilé ìwòsàn ni ibi iṣẹ́ náà.

Fún ìgbà pípẹ́, ìbéèrè mìíràn ni ó dí ọ̀nà: ṣé òfin tí wọ́n ṣe ní Àbújá dé ọ̀dọ̀ àjọ ìpínlẹ̀? Ìpínlẹ̀ Èkìtì kò dúró de ìdáhùn. Ní ọdún 2011 kan náà, lábẹ́ Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, ó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó kọ́kọ́ sọ òfin náà di ti ara wọn. Àwọn mìíràn jiyàn. Ní Àkúrẹ́, tí kò jìnnà sí Adó, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dá a ní oṣù Kẹta 2018, nínú ẹjọ́ tí akọ̀ròyìn kan pè lórí ìṣirò owó Ìpínlẹ̀ Oǹdó, pé òfin náà de gbogbo ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ onípò kan náà ní Benin ti sọ òdìkejì rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó.

Ẹjọ́ Ẹdó yìí ni ó yẹ kí gbogbo ọ́fíìsì ìlera ní Èkìtì kà. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ aráàlú kọ ìwé sí àjọ tí ń dènà àrùn éèdì ní ìpínlẹ̀ náà. Bí wọ́n ṣe ń ná owó iṣẹ́ HIV, èyí tí Bánkì Àgbáyé lọ́wọ́ sí, ni wọ́n fẹ́ mọ̀. Àjọ náà kò fún wọn, ẹjọ́ sì di ti ọdún púpọ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá wọn láre: Òfin Òmìnira Ìròyìn de ìjọba àpapọ̀, ó de ìpínlẹ̀, ó sì de ìjọba ìbílẹ̀.

Kò sí àjọ tí orúkọ rẹ̀ mú àṣírí wá sọ́kàn ju àjọ àrùn éèdì lọ. Àwọn tí ó bá ní kòkòrò HIV mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí orúkọ ẹni bá jáde: àwọn kan ti pàdánù iṣẹ́, àwọn kan ti pàdánù ilé ọkọ. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ owó kì í ṣe àkọsílẹ̀ aláìsàn. Ẹni tí ó ń gba oògùn lọ́fẹ̀ẹ́ nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jìyà bí owó náà bá sọnù, òun gan-an sì ni ọ́fíìsì lè sọ pé òun ń dáàbò bò nígbà tí ó bá ti ìlẹ̀kùn mọ́ àkọsílẹ̀ owó náà. Awo ti wọ aṣọ àṣírí nìyẹn.

Láàrin orúkọ àti owó, ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ náà ṣòro ní tòótọ́: iye ènìyàn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta 2020, àjọ tí ń dènà àrùn ní Nàìjíríà kéde ènìyàn márùn-ún tuntun tí ó ní àrùn kòrónà: mẹ́rin ní Èkó, ọ̀kan ní Èkìtì. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ní Èkó, mẹ́rin lè wọ inú ọ̀pọ̀ ènìyàn kí wọ́n sọnù. Ní Èkìtì lọ́jọ́ náà, ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di orúkọ. Ìkéde náà tọ̀nà nítorí pé ewu ńlá wà fún gbogbo ènìyàn, èyí tí abala 26 fúnra rẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún. Àmọ́ bí wọ́n bá kéde ọjọ́ orí, iṣẹ́, ìlú tí aláìsàn ti wá àti ìlú tí ó lọ papọ̀, wọn yóò ti dárúkọ rẹ̀ láìpe orúkọ. Ọ̀tọ̀ ni ti Gómìnà Fáyẹmí, tí ó kéde fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún náà pé àyẹ̀wò fi hàn pé òun ní àrùn náà. Ẹni tí ó ni àṣírí ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ni ó wà ní àárín gbùngbùn Èkìtì: Adó, Ìrẹ́pọ̀dùn-Ìfẹ́lódùn, Èkìtì Ìwọ̀-Oòrùn, Ìjerò àti Ẹ̀fọ̀n. Bí àjọ kan bá sọ pé aboyún báyìí báyìí ni ó kú ní gbogbo wọn láàrin ọdún kan, kò tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Bí ó bá pín iye náà sí ìlú sí ìlú, oṣù sí oṣù, yóò dé abúlé kan níbi tí iye náà jẹ́ ọ̀kan, gbogbo ará abúlé náà ni ó sì mọ ẹni tí wọ́n sin ní oṣù náà. Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ìṣirò ní òkèèrè, wọn kì í tẹ iye tí kò bá tó 5 tàbí 10 jáde lórí ọ̀rọ̀ ìlera. Wọn a pa á pọ̀ mọ́ ti ìlú mìíràn. Ọgbọ́n yìí wúlò fún ilẹ̀ tí ìlú kékeré pọ̀ sí, tí ará ilé mọ ará oko. Ṣùgbọ́n pípa iye pọ̀ ni ó kọ́ni, kò kọ́ni ní kíkọ̀ láti ka iye.

Òfin 2011 fi àyè sílẹ̀ fún bíbo apá kan ìwé. Bí ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ó jáde bá wà nínú àkọsílẹ̀ tí ó yẹ kí ó jáde, kí ọ́fíìsì pa èyí tí kò yẹ rẹ́ lára ẹ̀dà, kí ó sì kó ìyókù fún olùbéèrè. Ìwé ìsanwó tí àjọ adójútòfò san fún ilé ìwòsàn kan ní Ìjerò lè jáde pẹ̀lú ọjọ́, iye owó àti orúkọ ilé ìwòsàn, kí wọ́n fi tádàwà dúdú kun orúkọ aláìsàn àti àìsàn rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni fún akọ̀wé tí ó bá fẹ́ ṣe é. Òfin náà tún sọ pé a lè tú àṣírí ènìyàn pàápàá bí àǹfààní gbogbo ìlú bá fi gbangba wúwo ju àṣírí náà lọ. Ilé ẹjọ́ nìkan ni ó yẹ kí ó máa gbé òṣùwọ̀n yẹn, nítorí pé ọwọ́ akọ̀wé lè wárìrì sí apá èyíkéyìí.

Ọjọ́ 7 ni òfin fún ọ́fíìsì láti dáhùn, ó sì lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un fún ìdí pàtàkì. Bí ó bá kọ̀, lẹ́tà ni yóò fi kọ̀. Lẹ́tà náà gbọdọ̀ dárúkọ abala òfin tí ó dúró lé, ó gbọdọ̀ sọ fún olùbéèrè pé ó lè gba ilé ẹjọ́ lọ, ó sì gbọdọ̀ ní orúkọ, ipò àti ìfọwọ́síwèé àwọn tí ó pinnu láti kọ̀. Láti ọjọ́ náà, olùbéèrè ní ọjọ́ 30 láti pe ẹjọ́. Bí wọ́n bá sì dé iwájú adájọ́, ọ́fíìsì ni yóò fi ẹ̀rí hàn pé òfin fún òun láyè láti kọ̀. Ìtanràn ẹni tí ó bá kọ̀ láìtọ́ jẹ́ náírà 500,000. Bí ohun tí wọ́n béèrè bá jẹ́ káàdì aláìsàn, abala 14 wà níbẹ̀ fún akọ̀wé láti kọ sínú lẹ́tà rẹ̀, kí ó sì fi ọkàn balẹ̀ fọwọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ owó oògùn ni wọ́n béèrè, yóò wá abala náà tì, nítorí pé "àṣírí aláìsàn ni" kì í ṣe nọ́ńbà abala kankan.